Orí àrọ̀ tó ń là nígbà ọyẹ́, àti fítámínì tí a ń dà sínú omi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Kuje, ní agbègbè Abuja, ni mo wà. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sin àrọ̀. Táńkì oníkọnkéré mẹ́ta ni mo ní, ẹja inú wọn tó 1,500. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ni wọ́n ti ń kú, lónìí méjì, lọ́la mẹ́rin. Orí àwọn kan á wú, á sì là bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ là á. Àwọn mìíràn á nàró nínú omi, ẹnu wọn á wà lókè, wọn ò ní jẹun. Ọmọkùnrin tó ń ta oògùn ẹja fún wa sọ pé fítámínì ló dín lára wọn, pé kí n máa da fítámínì oníyẹ̀fun sínú omi láràárọ̀. Mo ti lo páálí mẹ́sàn-án. Omi á pọ́n bí omi ọsàn, ẹja á ṣì máa kú. Fíìdì mi kì í ṣe yẹpẹrẹ o: ogójì báàgì ni mo rà pa pọ̀ lóṣù Kẹsàn-án nígbà tí mo gbọ́ pé ó fẹ́ gbówó lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni fítámínì ń gba ẹja lọ́wọ́ àìsàn, àbí wọ́n kàn ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọyẹ́, Màmá. Ẹ kú àdánù àwọn ẹja tó lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn sọ, òótọ́ ni. Ohun tó ní kí ẹ ṣe ni kò bá ọ̀rọ̀ náà mu. Fítámínì wà lára ohun tí ẹja fi ń bá àrùn jà, ṣùgbọ́n inú ara ẹja ló ti ń jà, kì í ṣe inú omi. Ọ̀nà tó ṣeé gbọ́kàn lé tó ń gbà dé inú ara ẹja ni ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú fíìdì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí mo mọ̀ pé ọmọkùnrin yẹn á tún gbé páálí mìíràn dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹja omi tútù bí àrọ̀ kì í mu omi bí a ṣe rò. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti omi tó yí i ká lọ, nítorí náà omi fúnra rẹ̀ ló ń ráyè wọ ara rẹ̀, pàápàá láti ibi pupa tó fi ń mí lábẹ́ ìbòrí ẹ̀gbẹ́ orí. Làálàá àrọ̀ tọ̀sán tòru ni kí ó máa fi ìtọ̀ lé omi yìí jáde. Ẹja òkun ló ń mu omi gan-an. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá dà sínú táńkì, díẹ̀ kíún ni àrọ̀ máa rí gbà níbẹ̀. Àwọn páálí tí ẹ rà yẹn, bí ẹ bá yí ẹ̀yìn wọn wò, mo lè fi owó kalẹ̀ pé àwòrán adìyẹ lẹ máa bá níbẹ̀. Adìyẹ ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ irú wọn fún, torí adìyẹ ń mu omi. Oríṣi ṣúgà kan ni wọ́n sì sábà máa ń fi gbé fítámínì inú rẹ̀ kí ó lè tètè yòrò. Ṣúgà yẹn nìyí nínú táńkì yín: kòkòrò àìfojúrí á jẹ ẹ́, wọn á bí sí i, wọn á sì máa fa afẹ́fẹ́ inú omi mọ́ ẹja lọ́wọ́. Nípa fítámínì C tó wà nínú rẹ̀ ní tirẹ̀, nínú omi tí afẹ́fẹ́ àti oòrùn ń kàn, kì í pẹ́ tó fi bàjẹ́. Àwọ̀ ọsàn yẹn nìkan lẹ rí gbà nínú owó yín.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tí fítámínì ń ṣe níbi tó ti yẹ kó wà.

Ohun àkọ́kọ́ tí àrọ̀ fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àrùn ni ìyọ̀ ara rẹ̀, èyí tó ń mú un bọ́ lọ́wọ́ wa nígbà tí a bá fẹ́ mú un. Kì í ṣe fún yíyọ̀ lásán. Èròjà kan wà nínú rẹ̀, lysozyme lorúkọ rẹ̀, tó ń fọ́ ara kòkòrò bakitéríà. Àwọ̀ tó ń sun ìyọ̀ yìí jáde nílò fítámínì A kó tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí fítámínì A bá dín, àwọ̀ ara á gbẹ, ojú ẹja á máa ṣe bàìbàì, ìyọ̀ á sì fẹ́lẹ́. Bí kòkòrò bá wá ráyè kọjá ìyọ̀ àti àwọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ló máa pàdé rẹ̀ nínú. Ẹja kò ní irú mùdùnmúdùn inú egungun tí àwa fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Apá iwájú kíndìnrín rẹ̀, tó wà lẹ́yìn orí gan-an, ló ti ń ṣe tirẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí á gbé kòkòrò mì, wọn á sì fi oríṣi ọ́síjìn kan tó gbóná bí iná sun ún nínú ara wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ fítámínì C àti E ti dùn. Iná tí wọ́n fi ń sun kòkòrò lè jó àwọn fúnra wọn. Alágbẹ̀dẹ tí kò bá ní ẹ̀mú lọ́wọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi ju irin sílẹ̀. Fítámínì méjèèjì yìí ni ẹ̀mú náà. Ìbòrí sẹ́ẹ̀lì, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, inú ọ̀rá yẹn sì ni fítámínì E ń gbé, kí iná má baà ràn mọ́ ọn. Inú omi ara ni fítámínì C wà ní tirẹ̀. Bí fítámínì E bá ti fi ara gba iná lẹ́ẹ̀kan, tí agbára rẹ̀ tán, C ló máa ń sọ ọ́ dọ̀tun kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyí tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun fi máa ń kó fítámínì C jọ sínú ara rẹ̀ ju bó ṣe wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ lọ. Nígbà tí àìsàn bá dé, tàbí tí a bá kó ẹja sínú ìnira, irú bíi kí a ṣa wọn ní ìtóbi-ìtóbi, kí a kó wọn sínú kẹ́ẹ̀gì láti Kuje lọ Nyanya, tàbí kí omi ṣàdédé tutù, ó máa ń tètè tán.

Ewúrẹ́ ń ṣe fítámínì C fúnra rẹ̀. Ajá náà ń ṣe tirẹ̀. Àwa èèyàn kò lè ṣe é, àrọ̀ náà kò lè ṣe é, torí èròjà tó máa ń parí iṣẹ́ yẹn kò sí nínú ara wa. Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹja tí à ń sìn ló rí bẹ́ẹ̀. (Ẹja kan wà tó ní ẹ̀dọ̀fóró, tó máa ń fara pamọ́ sínú ẹrẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí ń ṣe tirẹ̀. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí kò fi fún àrọ̀.) Nítorí náà, èyí tó bá wà nínú fíìdì ni ẹja yín ní. Bí kò bá sí nínú fíìdì, kò sí níbòmíràn, pàápàá nínú táńkì oníkọnkéré tí kò ní ewédò, tí kò sì ní kòkòrò omi tí ẹja lè ṣà jẹ. Ẹja inú odò lè rí díẹ̀ he. Ti inú táńkì, ọwọ́ yín ló ń wò.

Orí tó ń là yẹn wá ńkọ́? Egungun kì í ṣe òkúta. Okùn kan tí wọ́n ń pè ní collagen ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí èròjà líle tó máa lẹ̀ mọ́ ọn. Okùn yìí náà ló so awọ ara àti ibi tí ẹja fi ń mí pọ̀, òun náà ló sì ń dí ojú ọgbẹ́. Ara kò lè yí okùn yìí kó le láìsí fítámínì C. Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pẹ́ lórí òkun láìrí èso jẹ rí i lára wọn: erìgì wọn á máa ṣẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ àtijọ́ tó ti jinná á tún là. Ọdún 1747 ni dókítà ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ James Lind fi ọsàn àti òroǹbó wo àwọn kan lára wọn sàn. Lára ẹja, ibi tó ń hàn sí yàtọ̀ láti oríṣi kan sí òmíràn. Àrọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní channel catfish, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń wọ́, tí yóò sì kán. Ti àrọ̀ tiwa, tí àwọn ará ọjà níbí ń pè ní tarwada, orí rẹ̀ tó fẹ̀ pẹrẹsẹ yẹn ló máa ń wú, tí agbárí á sì là. Àwọn olùwádìí ti so orí líla yìí mọ́ àìtó fítámínì C nínú fíìdì. Mi ò tíì fojú rí ẹja yín, àmọ́ àpèjúwe tí ẹ ṣe jọ ọ́ gidi.

Iye tí ẹja nílò kò tilẹ̀ pọ̀. Fún channel catfish yẹn, ohun tí ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà lórí oúnjẹ ẹja là sílẹ̀ ní 1993 jẹ́ mílígíráàmù 25 sí 50 nínú kílò fíìdì kan, kí ó lè dàgbà láìní àbùkù. Kílò kan ni mo wí o, mílígíráàmù 50 péré! Èyí wà fún ẹja tí ara tù. Tẹ́ ẹ bá wá ń bi mí bóyá èyí tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lè fún ẹja ní agbára láti bá àrùn jà, ọ̀rọ̀ kò dọ́gba níbẹ̀. Ní 1985, ní Yunifásítì Auburn ní ìpínlẹ̀ Alabama, olùwádìí méjì, Li àti Lovell, fún channel catfish ní oríṣiríṣi ìwọ̀n títí dé mílígíráàmù 3,000 nínú kílò kan, wọ́n sì fi kòkòrò àrùn kọlù wọ́n. Bí fítámínì ṣe ń pọ̀ sí i ni iye tó ń kú ń dín kù. Ìròyìn náà tàn, gbogbo ẹni tó ń ta fítámínì sì gbà á bí ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tún un ṣe lẹ́yìn náà, àwọn kan kò sì rí èrè kankan nínú àpọ̀jù yẹn, bí ẹja bá ṣá ti ń rí èyí tó tó fún un. Èrò tèmi, lẹ́yìn tí mo ti ń wo ẹja láti Gwagwalada dé Kaduna: ẹja tí tirẹ̀ kò tó ló ń rí ìyàtọ̀ ńlá. Ẹni tí ebi ń pa ni oúnjẹ ń ṣe lóore. Ẹni tó ti yó, ẹ̀ẹ̀kejì kò sọ ọ́ di òmìrán.

Ó yẹ kí ẹ bi mí nísinsìnyí pé, "Dókítà, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn báàgì pé fítámínì C wà níbẹ̀, báwo ni kò ṣe tó?" Ogójì báàgì yẹn ni mo fura sí.

Nínú gbogbo fítámínì, C ló tètè ń bàjẹ́ jù. Ooru, ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀, irin, bàbà, gbogbo wọn ló ń pa á. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fi ooru àti agbára tẹ fíìdì kó lè máa léfòó, èyí tó ju ìdajì lọ lè lọ níbẹ̀ bó bá jẹ́ pé fítámínì C gbẹrẹfu ni wọ́n lò. Ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń lo èyí tí wọ́n ti so fọ́sífétì mọ́, tó lè fara da ooru dáadáa. Ara ẹja á já fọ́sífétì náà kúrò tó bá dé inú. Bí ẹ bá rí "ascorbyl phosphate" tàbí "polyphosphate" lẹ́yìn báàgì, ó dáa. Bó bá jẹ́ "ascorbic acid" lásán ni wọ́n kọ, ẹ mọ̀ pé ìrìn àjò rẹ̀ kò lè jìn. Ẹ wá wo ìrìn àjò ti yín: ẹ rà á lóṣù Kẹsàn-án, òjò ṣì ń rọ̀ ní Abuja nígbà náà, ọ̀rinrin wà nínú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni oòrùn dé. Ọyẹ́ ti wá wọlé báyìí, oṣù mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá, a ò sì ka oṣù tó lò nílé iṣẹ́ àti ní ìsọ̀ ẹni tó tà á. Oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe fíìdì jáde ni èmi fi ń ṣe òpin, nínú sítóò tó tutù.

Mo mọ̀ ọ́n torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìhín, mo kó fíìdì jọ sábẹ́ páànù lóṣù Kejì, mo sì ń yọ̀ pé mo ti jẹ èrè. Oṣù Kẹta níbí kì í ṣeré. Ooru òde nìkan lè kọjá 35°C, ẹ má tíì sọ ti abẹ́ páànù. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún, fíìdì yẹn ti ní òórùn kan tí mo pè ní òórùn ẹja, torí mi ò fẹ́ pè é lórúkọ rẹ̀. Òórùn epo tó ti bàjẹ́ ni. Ẹja mi dúdú lára, wọ́n gbẹ lẹ́yìn, bí mo bá fi ọwọ́ kan wọn, ibi tí mo fọwọ́ kàn á di ọgbẹ́. Oògùn apakòkòrò ni mo sáré lọ rà. Dókítà ni mí o! Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ojú tó là mí.

Epo tó bàjẹ́ yẹn ló ń jẹ fítámínì E tán. Bí epo inú fíìdì bá ti ń kan, gbogbo E tó wà nínú fíìdì ni yóò lò láti fi pa iná ara rẹ̀ kí ẹja tó dé ibẹ̀. Àwọn ará Japan mọ èyí tipẹ́. Kòkòrò tó ń ṣe sílíìkì, tó bá sányán tiwa tan, ni wọ́n máa ń sá gbẹ nígbà kan tí wọ́n á fi bọ́ ẹja kápù. Epo inú rẹ̀ máa ń kan, ẹran ẹ̀yìn àwọn ẹja náà á sì gbẹ títí egungun á fi yọ bí ọ̀bẹ. Sekoke ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Fítámínì E ni wọ́n fi wá dènà rẹ̀. Bí ẹ bá rí àrọ̀ tí orí rẹ̀ tóbi, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ bí igi, tó sì jẹ́ pé ó ń jẹun, ẹ lọ gbóòórùn fíìdì kí ẹ tó dá omi lẹ́bi.

Àwọn fítámínì B, mi ò ní fi wọ́n pa yín lórí. Nínú fíìdì ilé iṣẹ́ tí kò tíì pẹ́, wọ́n sábà máa ń tó, kòkòrò inú ìfun ẹja tilẹ̀ ń bá a ṣe B12. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún, ẹni tó ń fi ẹja wẹ́wẹ́ tútù bọ́ àrọ̀ láti fi dín owó fíìdì kù. Àwọn ẹja kan, pàápàá ìdílé sàdíìnì, ní èròjà kan nínú tó ń fọ́ B1. Bí àrọ̀ bá jẹ ẹ́ ní tútù lójoojúmọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri bí ẹni tí wárápá mú. Ẹ bọ̀ ọ́ kí ẹ tó fún wọn, iná ń pa èròjà náà. Ẹni tó bá ń lọ fíìdì tirẹ̀ pẹ̀lú kúlíkúlí, ó gbọ́dọ̀ ra premix (àdàlù fítámínì tí a ń pò mọ́ fíìdì) tí wọ́n ṣe fún ẹja, kì í ṣe ti adìyẹ, torí ọ̀pọ̀ premix adìyẹ ni kò ní fítámínì C nínú rárá: adìyẹ ń ṣe tirẹ̀. Kúlíkúlí tó bá sì ti bu, ẹ má fún ẹja. Májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, inú ẹ̀dọ̀ sì ni ẹja ń kó fítámínì A pamọ́ sí.

Ẹ̀yin gan-an wá ńkọ́, Màmá? Ẹ dá páálí olómi ọsàn yẹn dúró lónìí. Ẹ fi omi tuntun rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́ta omi táńkì láàárọ̀, kó tó di pé oòrùn mú. Bí ẹ bá ní kànga oníẹ̀rọ, ẹ máa ṣàkíyèsí pé omi inú rẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀ ọyẹ́ ju omi táńkì lọ. Ẹ jẹ́ kó máa já bọ́ láti òkè kí ó lè gba afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo ẹnu táńkì lálẹ́, kí ẹ fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Omi tó bá wà láàárín 26 sí 30°C ni ara àrọ̀ ń fẹ́. Tó bá ti já sí 20 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ìfun rẹ̀ á falẹ̀, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà á falẹ̀. Kò sí fítámínì tó lè gbapò ìlọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ dín fíìdì kù sí ìdajì títí wọn á fi máa sáré sí i, ọ̀sán ni kí ẹ sì máa fún wọn, kì í ṣe ìdájí. Èyí tí wọn ò bá jẹ tán láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹ kó o kúrò. Fítámínì rẹ̀ ti ń yòrò sómi, ohun tó kù yóò sì jẹrà.

Kí ẹ ra báàgì tuntun kan tàbí méjì, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pẹ́. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín nítorí èyí tó kù nílé. Orí fíìdì tuntun yìí ni kí ẹ fi fítámínì C sí fúnra yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: fún fíìdì kílò márùn-ún, mo máa ń lọ àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì fítámínì C 15, oní-mílígíráàmù 100, tí wọ́n ń tà nílé oògùn. Ìyẹn jẹ́ 300 nínú kílò kan, ó tó fún ẹja tó ń ṣàìsàn láìjẹ́ pé a ń sọ owó nù. Mo máa ń fi omi díẹ̀ po ó, mo máa ń wọ́n ọn sórí fíìdì nínú abọ́ ike, mo máa ń rò ó pọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ abọ́ irin tó ti dógùn-ún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bá ti fà á mu, màá da epo bíi mílílítà 100 lé e lórí kí omi táńkì má baà tètè fọ̀ ọ́ kúrò. Èyí tí wọ́n máa jẹ tán lọ́jọ́ náà ni kí ẹ pò. Ti ọ̀la, ẹ pò ó lọ́la.

Epo wo? Epo pupa. Ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé epo òyìnbó ló dáa jù. Fítámínì E wà nínú epo pupa, èròjà tó ń fún un ní àwọ̀ náà sì jẹ́ ohun tí ara máa ń sọ di fítámínì A. Àwọn olùwádìí ní Malaysia ti fi bọ́ irú àrọ̀ wa yìí gan-an, wọ́n sì rí i pé fítámínì E inú epo náà ń dé inú ẹran ẹja. Kó ṣá máà jẹ́ èyí tí ẹ ti yọ́ lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ fi lọ. Ẹ kàn jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó lè ṣàn, torí epo pupa máa ń dì nígbà ọyẹ́.

Mo mọ̀ pé aládùúgbò kan á ti sọ fún yín nípa ewé móríńgà, zogale yẹn, torí kò sí ọgbà kan ní Kuje tí kò ní in. Bí a bá sá a sínú oòrùn títí ó fi gbẹ tí a sì lọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ fítámínì C inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bó bá wá pọ̀ jù nínú fíìdì, ìdàgbà ẹja á falẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú kúlíkúlí lílọ̀ àti ata, bí àwọn ará ìhín ṣe ń ṣe é. Ó dùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí inú rere fítámínì mú yín ṣe àṣejù. C tó bá pọ̀ jù, ìtọ̀ á gbé e jáde, owó yín nìkan ló lọ. Ṣùgbọ́n A àti D, inú ọ̀rá àti ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń kó jọ sí, tí àpọ̀jù wọn sì ń di májèlé. Nítorí náà, ẹ má ṣe da òróró ẹ̀dọ̀ ẹja inú ìgò sórí fíìdì lójoojúmọ́ torí pé ó ń ṣe ọmọ lóore.

Ẹja tí orí rẹ̀ ti là, ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀ lónìí. Orí náà kò ní padà dí. Àwọn tó kù tí wọ́n ń nàró nínú omi ni mo ń ṣàníyàn lé lórí, torí fítámínì kì í wo àrùn tó ti wọlé. Ó lè jẹ́ pé àìtó C ló ṣí ilẹ̀kùn, tí bakitéríà sì ti jókòó sínú ilé. Àpò oògùn apakòkòrò tí ọmọkùnrin yẹn máa gbé wá tẹ̀ lé èyí, ẹ má rà á títí ẹnì kan á fi wo ẹja náà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú kí kòkòrò àìfojúrí hàn.

Ní ti àwọn báàgì tó kù nínú sítóò, ẹ tú ọ̀kan, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rà á kó gbóná díẹ̀, kí ẹ wá gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí epo tí a ti fi dín àkàrà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tàbí tó bu, ẹ má fún ẹja kankan. Bó bá ṣì ń rùn bí ẹja gbígbẹ tó dáa, epo rẹ̀ kò tíì kan, C rẹ̀ nìkan ló ṣeé ṣe kó ti lọ. Ẹ lè máa lò ó díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì àti epo pupa bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, lẹ́yìn tí ara ẹja bá ti mókun. Ẹ gbé gbogbo báàgì kúrò nílẹ̀ sórí pákó, kí wọ́n má fara kan ògiri.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn báàgì, ibi tí wọ́n tẹ ọjọ́ sí, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ máa kọ iye tó kú sílẹ̀ lójoojúmọ́, táńkì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí iye náà kò bá dín títí di ọjọ́ karùn-ún, ẹ gbé ẹja méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣàìsàn nínú kẹ́ẹ̀gì olómi lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì ní Gwagwalada. Èyí tó ṣì ń mí ni kí ẹ gbé o, Màmá. Òkú ẹja tètè ń jẹrà, kò sì ní lè sọ ohun tó pa á fún wọn.